Ìdánwò Tí Ṣayọ̀ Ṣe Láìsí Méje

Ṣé èèyàn lè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún nǹkan tó bàjẹ́, kó má sì mọ̀ bóyá ọpẹ́ ló yẹ kóun dú lóòótọ́ àbí kóun kàn dákẹ́? Mo ti kúnlẹ̀ gbé ìbéèrè yìí síwájú Ọlọ́run, mo ti gbé e wọ ọkọ̀ láti Boundary dé Wharf Road láìmọye ìgbà, mi ò tíì rí ìdáhùn rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣayọ̀ Akínsànyà ló kó mi sínú ẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé òun àti ìyá rẹ̀ ti gbà kí n kọ ọ́, ìyá rẹ̀ sì ti rẹ́rìn-ín sí i títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ bá wọn jà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ṣayọ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ní àdúgbò kan lẹ́yìn Boundary, àmọ́ Apápá ló ti ń lọ sílé ìwé. Láràárọ̀ ló máa ń gba àárín àwọn tírélà kọjá, pẹ̀lú báàgì tó fẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní ìwà kan tó máa ń mú kí àwọn àgbà kọ́kọ́ rò pé ọmọ tó ní ìtẹríba ni. Tí wọ́n bá bá a wí, á dorí kodò, á máa mi ètè wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n á rò pé ó ń tọrọ àforíjì. Ìṣírò ló ń ṣe.

Fọ́dà ni ọmọ náà fẹ́ràn jù nílé ìwé. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, Fọ́dà ni ìṣírò tí wọ́n tún gbé lé orí ìṣírò, fún àwọn ọmọ tí èyí tí gbogbo ayé ń sunkún lé lórí kò tó wọn. Nígbà tí wọ́n wọ SS1, àwọn méjìlá ló yàn án. Ní SS2, wọ́n ku márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ wọn rí físà gbà, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó gba Kánádà lọ. Àwọn mẹ́ta sì fi Fọ́dà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, bí ẹni pé àwọn náà rí físà. Ó wá ku Ṣayọ̀ àti ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Somto. Somto fúnra rẹ̀ sọ pé òun ò ní kúrò, torí pé kò sí kíláàsì tó dùn tó èyí tí kò ní olùkọ́.

Ṣayọ̀ wá ń kọ́ ara rẹ̀. Á gba fóònù ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á máa wo àwọn tó ń kọ́ni lórí ẹ̀, á dá wọn dúró, á dá wọn padà sẹ́yìn, á sì máa bá wọn jiyàn. Ó ní ìwé àlòkù kan tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti kọ "Ọlọ́run ṣàánú mi" sí ojú ìwé kẹtàlélógún, tí kò sì kọ nǹkan kan mọ́ láti ibẹ̀ dé ìparí. Ṣayọ̀ ti kọjá ojú ìwé yẹn tipẹ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ọmọ yìí. Gbogbo ìmọ̀ tó wà lórí rẹ̀ yẹn, kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ. Kakulétọ̀ ló máa bi. Télọ̀ ni ìyá rẹ̀, Phoebe, aṣọ ilé ìwé ló ń rán jù, Phoebe sì fẹ́ràn láti máa dán an wò.

"Ṣayọ̀, ọmọ mẹ́jọ, yáàdì mẹ́fà-mẹ́fà. Mélòó ni?"

Ṣayọ̀ á na ọwọ́ mú kakulétọ̀. Kó tó tàn án, ìyá rẹ̀ á ti ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ.

"Méjìdínláàádọ́ta ni. Ìwọ tó ń ṣe Fọ́dà."

"Mummy, mo kàn fẹ́ kó dá mi lójú ni."

"Ta wá lo fẹ́ bi? Ṣé nǹkan yẹn kàwé jù ẹ́ lọ ni?"

Bàbá rẹ̀, tó ń ka ẹrù fún wọn ní Kirikiri Lighter Terminal, kì í gbójú sókè nídìí oúnjẹ rẹ̀. "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ jàre," á ní. "Ọkọ ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀."

Ọkọ yìí, kakulétọ̀ dúdú kan báyìí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló rà á fún un nígbà tó wọ SS1. Ó ní ilé kékeré kan tí wọ́n máa ń kì í bọ̀, Ṣayọ̀ kì í sì í yá ẹnikẹ́ni. Èèyàn márùn-ún ló ń sùn nínú yàrá kan ní ilé wọn. Aṣọ rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ń wọ̀, ibùsùn rẹ̀ ni ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ń sùn. Fọ́dà nìkan ni kò sẹ́ni tó ń bá a dù ú. Nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó dúró létí omi, ó ń wo Snake Island lódìkejì, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tó ń jẹ́ kí irin tó tóbi tó báyẹn léfòó. Bàbá rẹ̀ ní Ọlọ́run ni. Ṣayọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ta ló bá Ọlọ́run ṣe ìṣírò ẹ̀? Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé òun máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ti sọ fún un pé Fọ́dà ló máa gbé e débẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí ni igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, Mísìs Onome, pe òun àti Somto wọ ọ́fíìsì.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Ilé ìwé ò lè forúkọ yín sílẹ̀ ní WAEC fún iṣẹ́ tí ò ní olùkọ́. Tẹ́ ẹ bá fìdí rẹmi, orúkọ wa ló máa wà níbẹ̀."

"Mò ń kọ́ ọ fúnra mi, ma," ni Ṣayọ̀ dáhùn.

"Mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ olùkọ́ kan níta pé kó ṣètò ìdánwò fún yín. Òun náà ló máa máàkì ẹ̀. Ẹni tó bá gba ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, a máa forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á, Físárì la máa fi rọ́pò ẹ̀ fún un."

Físárì ni ẹ̀kọ́ nípa ẹja sínsìn. Kò sí ohun tó burú nínú ẹja sínsìn, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n ṣe jáde ní ọ́fíìsì, Somto ti ń wo Ṣayọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ìyá Ẹlẹ́ja," ó ní. "You go keep head for me, abi?"

"Orí ẹ ni mo máa kọ́kọ́ gé."

"Me, I don already choose my own fish. Na catfish."

Ṣayọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ti dorí kodò, ètè rẹ̀ ti ń mì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n ṣe ìdánwò náà.

Sunday tó ṣáájú ìdánwò náà wá bọ́ sí Sunday tí ìjọ wa máa ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ SS3. Àwọn ọmọ á kó bíró, rúlà àti kọ́ńpáàsì wá síwájú pẹpẹ, àwọn àgbà á gbàdúrà lé wọn lórí, Alàgbà Reuben á sì fi òróró ólífì kàn wọ́n. Mo sọ pé kàn wọ́n. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ìka kan, ẹ̀kán kan. Àmọ́ Alàgbà Reuben kì í ṣe èèyàn tó ń ṣe oore díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá fi òróró yàn ọ́ lówùúrọ̀, o ò ní wá ìpara títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Ọkàn wọn mọ́, ọwọ́ wọn ló kàn tẹ̀wọ̀n jù.

Ṣayọ̀ mọ̀ wọ́n. Ní Satidé, ó kó bíró mẹ́rin àti rúlà sínú ọ̀rá fún àdúrà, ó wá fi ìbọ̀sẹ̀ wé kakulétọ̀, ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe àìgbàgbọ́. Ó dá a lójú pé Ọlọ́run lè bùkún nǹkan tó ń lo bátìrì láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ rẹ ẹ́. Síbẹ̀, nígbà tó ń tì í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó wo ẹ̀yìn bí ẹni tó ń jalè.

Ìyá rẹ̀ ló wá ń gbọn ibùsùn láàárọ̀ Sunday. Ìbọ̀sẹ̀ jábọ́. Phoebe tú u, ó rí kakulétọ̀, àánú ọmọ rẹ̀ ṣe é. Ó ní ọmọ yìí ti kàwé débi tó gbàgbé èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ó rọra jù ú sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, kò sọ fún Ṣayọ̀, ó fẹ́ kó yà á lẹ́nu.

Ó yà á lẹ́nu. Orí ìkúnlẹ̀ ni Ṣayọ̀ wà níwájú pẹpẹ, ó la ojú kan díẹ̀ láàárín àdúrà, ó sì rí ọkọ rẹ̀ láàárín àwọn bíró, ní ìhòòhò, láìsí ilé tó ń gbé. Kó tó gbọ́wọ́ sókè, Alàgbà Reuben ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìgò.

"Kí lèyí?" ni Alàgbà bi.

"Kakulétọ̀ ni sà," ni Phoebe dáhùn lẹ́yìn. "Òun ló fi ń ronú."

"Òun ló fi ń ronú." Alàgbà Reuben mi orí. "A jẹ́ pé òun ni òróró yẹ kó pọ̀ fún jù."

Wọ́n sì dorí ìgò kodò.

Nígbà tí wọ́n délé, Ṣayọ̀ gbé e jókòó sẹ́yìnkùlé, ó fi aṣọ nù ún, ó fi òwú nù ún, ó gbé e dúró sínú ìrẹsì gbígbẹ fún wákàtí mẹ́ta. Ó tàn án. Ó tàn. Ó tẹ ọ̀kan, ọ̀kan yọ. Ó tẹ méjì, méjì yọ. Mẹ́rin kọ́kọ́ lọ́ tìkọ̀, ó padà yọ. Ó tẹ méje. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, ó fi ìdí bíró tẹ̀ ẹ́. Méje ò dáhùn.

Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè ló gbé e lọ sọ́dọ̀ Nnaemeka, tó ń tún fóònù ṣe ní ẹnu ọ̀nà wọn. Nnaemeka tú ẹ̀yìn ẹ̀, ó gbé imú sún mọ́ ọn.

"Professor," ó ní, "dem fry am?"

"Rárá."

"Ó ń rùn bí ẹyin díndín. Ta ló ṣe báyìí?"

Ṣayọ̀ wo ilẹ̀. "Ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Nnaemeka gbé imú kúrò lára ẹ̀. Ó jẹ́ ẹni tó ní ọ̀wọ̀. Ó fi sípírítì nu inú ẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ó tún pa á dé. Mẹ́rin wá jí pépé. Méje ò jí. Ó ní rọ́bà tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti wú, àfi kí wọ́n wá òmíì. Ó ní tí wọ́n bá wá a, á tó ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ kejì ni ìdánwò.

Ẹ̀yin náà á ní kí ló dé tí kò yá tẹlòmíì. Gbogbo SS3 ló ń ṣe ìdánwò tiwọn lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa yọ kakulétọ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ tún lè ní kí ló dé tí kò sọ fún ìyá rẹ̀. Phoebe ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìdánwò yìí, ó ń fi ẹnu gbígbẹ rán aṣọ. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé òróró tó fi ìfẹ́ gbé kakulétọ̀ lọ bá ló pa á? Ó sì tún ní èyí tí Ṣayọ̀ ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Nnaemeka, ó ń rò ó pé bóyá méje kú nítorí pé òun fi nǹkan náà pa mọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀. Ó ń rò ó pé, nínú gbogbo nọ́ńbà, ṣebí méje ni ìjọ wa fẹ́ràn jù: ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, abẹ́là méje, halelúyà ẹ̀ẹ̀méje. Kí ló dé tó fi jẹ́ òun ni Ọlọ́run mú lọ? Lẹ́yìn náà ló rò ó pé ó lè jẹ́ pé Ọlọ́run ò tilẹ̀ dá sí i, pé òróró kàn jẹ́ òróró ni. Èrò yìí ló bà á lẹ́rù jù. Ó yára rìn wọlé.

Nínú ilé, ó jókòó, ó kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé ayé láìsí méje. Tó bá fẹ́ tẹ méje, á tẹ mẹ́jọ, á yọ ọ̀kan. Tó bá fẹ́ àádọ́rin, á tẹ ọgọ́rin, á yọ mẹ́wàá. Nígbà tó kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀, ó gbàgbé láti fi àmì akámọ́ sí i, ẹ̀rọ náà wá sọ fún un pé méje lọ́nà mẹ́rin jẹ́ mẹ́rin. Ó fi akámọ́ sí i, ó di méjìdínlọ́gbọ̀n. Ohun tó wá ń dùn ún nínú rẹ̀ ni pé méje ṣì wà nínú ẹ̀rọ náà o. Tí ìdáhùn bá ní méje nínú, méje á yọ lójú ẹ̀ gbangba. Òun ni kò kàn jẹ́ kí wọ́n pe òun.

Ọjọ́ Túsídè, wọ́n jókòó nínú kíláàsì kan, òun ní iwájú, Somto ní ẹ̀yìn, Mísìs Onome lórí àga láàárín pẹ̀lú ẹ̀pà. Ìbéèrè mẹ́fà. Ṣayọ̀ kà wọ́n tán, ara rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ó mọ wọ́n. Nínú èyí àkọ́kọ́, okùn kan ló ń fa ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú agbára àádọ́rin, ní igun ogójì dígíríì. Wọ́n fẹ́ mọ iye tó ń fà á lọ sókè. Ìlà kan ni iṣẹ́ rẹ̀. Kó má bàa gbàgbé, ó kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́: ó tẹ ọgọ́rin, ó yọ mẹ́wàá, ó fi akámọ́ sí i, ó tẹ ìyókù. Ẹ̀rọ náà ní méjìléláàádọ́ta àti díẹ̀.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdáhùn náà jọ ìdáhùn gidi. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, ì bá ti ṣí lọ sí èkejì, torí pé láti SS1 ni kò ti jiyàn pẹ̀lú kakulétọ̀ rí. Àmọ́ ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá mọ́. Aláìsàn ni. Ó wò ó, ó ní nínú ara rẹ̀ pé: ìwọ tó o gbàgbé méje, kí lo tún ti gbàgbé?

Ó wá bi í ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ ìdáhùn ẹ̀ lórí. Sáìnì ọgbọ̀n dígíríì. Gbogbo ọmọ tó ń ṣe ìṣírò ló mọ̀ pé ìdajì ni, wọ́n máa ń kọ ọ́ lórin. Ẹ̀rọ náà kò sọ pé ìdajì. Ó gbé nọ́ńbà gígùn kan jáde tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi ọ̀kan, ó tún wá fi àmì àyọkúrò sí iwájú ẹ̀.

Ṣayọ̀ tún un tẹ̀, bákan náà ló jáde. Ó kọ́kọ́ rò pé òróró ti dé ọpọlọ ẹ̀. Ó wá rí lẹ́tà kékeré kan tó wà lókè ojú ẹ̀rọ náà, ojú sì tì í. Òróró ò mọ nǹkan kan nípa eléyìí. Òun ni. Ní Mọ́ńdè, orí ìwé tí wọ́n ti ń wọn igun ní rédíánì ló fi ń dánra wò, ó ti yí ẹ̀rọ náà sí rédíánì, kò sì dá a padà sí dígíríì. Ìyá rẹ̀ ni ì bá ṣàlàyé ẹ̀ fún yín dáadáa: bí ẹni tó wọn ènìyàn ní yáàdì, tó wá lọ gé aṣọ ní mítà. Aṣọ náà á jọ aṣọ. Ẹni tó ni ín ni kò ní wọ inú ẹ̀.

Ó dá a padà sí dígíríì. Ó tún un ṣe. Márùndínláàádọ́ta. Ó fa ìlà lé èyí tó ti kọ. Nínú ìbéèrè mẹ́fà yẹn, mẹ́ta ló ní igun nínú. Láti ibẹ̀ lọ, kò gba nǹkan kan gbọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ náà mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fojú díwọ̀n iye tó yẹ kó jẹ́. Èyí sì fi àkókò ṣòfò. Nígbà tí Mísìs Onome ní kí wọ́n dá bíró dúró, ìbéèrè kẹfà ṣì kù ní ìdajì.

"How far?" ni Somto bi í níta.

"Mi ò parí."

"Me I finish since. I even sleep small."

Ọjọ́ Fúráídè ni wọ́n pè wọ́n. Mísìs Onome gbé ìwé méjèèjì sórí tábìlì. Somto gba mọ́kànlélógójì. Ó dúpẹ́, ó béèrè ọjọ́ tí kíláàsì Físárì máa ń wà. Ìwé Ṣayọ̀ wá kù. Mísìs Onome yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ẹni tó máàkì ẹ̀ ní kí n bi ẹ́ ní nǹkan," ó ní. "Gbogbo ibi tó yẹ kí méje wà, mẹ́jọ yọ ọ̀kan lo kọ síbẹ̀. Ó ní òun ò rí irú ẹ̀ rí. Ṣé orí ayélujára lo ti kọ́ ọ?"

"Rárá ma."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

Ṣayọ̀ ronú. "Ṣọ́ọ̀ṣì ni, ma."

Mísìs Onome pinnu pé òun ò ní tọpinpin. "Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta," ó ní. "Mú orúkọ ẹ wá bó ṣe wà nínú ìwé ìbí. A máa fi Fọ́dà sí i."

Bó ṣe délé tó sọ ọ́, Phoebe kúrò lórí máṣíìnì, ó kúnlẹ̀ sáàárín àgékù aṣọ, ó dúpẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá rẹ̀ kí i kú iṣẹ́, ó ní kó kí ọkọ rẹ̀ náà. Gbogbo ilé dùn. Ṣayọ̀ náà yọ̀, ó yọ̀ dénú, títí ìyá rẹ̀ fi dìde tó nu eékún, tó ní Sunday yìí lòun máa jẹ́rìí.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ ara mi díẹ̀ níbí. Èmi ni akọ̀wé ìjọ wa. Ní ọ̀sán Satidé, mo máa ń jókòó sínú yàrá tí à ń kó aṣọ akọrin sí, màá kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kì í gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ fún ẹ̀rí, tí àkókò bá sì ti pé, ẹni tó kù kò ní lè sọ tiẹ̀ mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Phoebe ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀sán ni Ṣayọ̀ wá fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó jókòó sórí àpótí, ó sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti kà yìí fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó yọ kakulétọ̀ náà, ó ní kí n tẹ méje. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀.

"Kí ni màmá ẹ fẹ́ sọ?" mo bi í.

"Wọ́n ní òróró ló ṣe ìdánwò fún mi, sà. Wọ́n ti ń fi í kọ́ra nídìí máṣíìnì látàná. Wọ́n fẹ́ gbé kakulétọ̀ náà sókè, kí gbogbo ìjọ rí i. Màmá Rukevwe tá a jọ ń gbé ilé ti ní láptọ́ọ̀pù lòun máa gbé wá fún Alàgbà lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo dijú. Mo rí Alàgbà Reuben, mo rí ìgò, mo rí láptọ́ọ̀pù.

"Ṣé kì í ṣe òróró ló ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni?" mo ní. "Tí méje ò bá kú, ṣé wàá yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mi ò ní yẹ̀ ẹ́ wò, sà."

"Tó ò bá yẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́?"

"Físárì nìyẹn, sà." Ó ń fi èékánná họ ojú ibi tí méje wà. "Èmi náà ti rò ó. Àmọ́ tí mo bá ní òróró ló ràn mí lọ́wọ́, ó dà bíi pé mò ń parọ́. Tí mo bá ní òróró ló bà á jẹ́, ìyẹn náà ò jọ òótọ́ tán. Kì í ṣe pé mi ò gbà gbọ́ o, Bọ̀dá Akọ̀wé. Mi ò kàn mọ èyí tí mo gbà gbọ́ nínú ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

Mo ti ń ṣe olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi fún ọdún mọ́kànlá. Mo gbé gègé mi, mo wo inú ìwé, mo ní orúkọ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó mọ̀ pé mo yẹra fún ìbéèrè náà. Ó ní ìwà tútù, kò fi lé mi lórí. Ó kàn sún mọ́ tábìlì, ó na ọrùn wo ìwé náà, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì: ó ń ṣírò iye ìṣẹ́jú tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, láìmú ẹ̀rọ lọ́wọ́.

"Bọ̀dá Akọ̀wé," ó ní, "mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ pa á rẹ́ o. Wọ́n á bínú, wọ́n sì gbààwẹ̀ fún un lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kàn bá mi kọ orúkọ màmá mi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn màmá àgbà yẹn tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí tiwọn."